Mo Sọ Pé Abẹ́rẹ́ Sùn

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, mo kí yín. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan sínú. N kò sọ ọ́ fún ọkọ, n kò sọ ọ́ fún ọmọ. Àní tí mo bá kírun tán, tí mo tẹ́wọ́ sí Ọlọ́run, mo máa ń fo ibẹ̀ ni.

Ohun tó mú mi sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹnì kan ń bọ̀ wá gba ohun kan nílé wa. Ohun náà kò sí níbi tí wọ́n gbé e sí mọ́. Èmi ni mo gbé e pamọ́. Ẹlòmíràn ni wọ́n sì ti ń dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Ìwé mi kò pọ̀. Kíláàsì àwọn àgbà ni mo ti kọ́ ọ, lẹ́yìn tí mo ti bímọ márùn-ún. Màá sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Kambolé ni à ń gbé. Iṣu àti àgbàdo la fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n baálé mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Ráúfù, ṣiṣẹ́ pọ́ọ̀sù, ilé ìfìwéránṣẹ́, ní Sokodé kó tó fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ rédíò ti wọ̀ ọ́ lára. Kì í ṣe rédíò tí à ń gbọ́ ìròyìn o. Èyí tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ ni, tí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ níbi tó jìnnà á sì dá a lóhùn. Ó ní ìwé àṣẹ rẹ̀ láti Lomé. Kò sí ẹni tó ń sanwó rẹ̀ fún un. Ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni, bí àwọn ọkùnrin mìíràn ṣe fẹ́ràn ayò.

Rédíò méjì ló ní, ńlá kan àti kékeré kan, ṣùgbọ́n áńtẹ́nà kan ṣoṣo ló wà lórí òrùlé. Rédíò kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí ohùn tirẹ̀ ń gbà lójú afẹ́fẹ́, ọ̀kan ń gbà nísàlẹ̀, ọ̀kan ń gbà lókè. Kí méjèèjì lè lo áńtẹ́nà kan, baálé mi máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àpótí irin kékeré kan, tí kò ju odindi ọṣẹ kan lọ. Ẹlẹ́nu mẹ́ta ni èmi ń pè é. Wáyà áńtẹ́nà wọ ẹnu kìíní, rédíò ńlá wọ ẹnu kejì, rédíò kékeré wọ ẹnu kẹta.

Iṣẹ́ àpótí náà ni kó ya ohùn méjèèjì sọ́tọ̀, kí agbára rédíò ńlá má baà ṣìnà yà sínú rédíò kékeré. Bó bá yà síbẹ̀, á jó o létí. Rédíò kékeré á ṣì máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà.

Nínú àpótí náà, wáyà bàbà kan wà tó ká róbótó róbótó. Bí wọ́n bá fún un pọ̀ tàbí tí wọ́n fà á sẹ́yìn díẹ̀, ìyẹn ló ń pinnu bóyá àpótí á ya ohùn dáadáa tàbí kò ní yà á. Baálé mi á ṣí àpótí, á mú pẹ́lẹ́bẹ́ ọparun kan, á máa fi ti wáyà náà. Níbi ẹnu kẹta, kì í so rédíò kékeré mọ́ ọn lọ́jọ́ ìdánwò. Agolo tòmátò kan ló máa ń so mọ́ ọn, tí ohun tó ń gbé iná mì wà nínú rẹ̀. Aago abẹ́rẹ́ kan á wà láàárín. Á wá tẹ rédíò ńlá bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá dìde, agbára ń jò wá síbi tí kò yẹ kó wá. Bí abẹ́rẹ́ bá dùbúlẹ̀, ó ti dára.

Baálé mi ní òfin kan tó kó bọ̀ láti pọ́ọ̀sù. Ó ní ẹni tó ṣe iṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó máa ka ìdánwò rẹ̀, torí ojú ẹni tó ṣe é á máa rí ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Nítorí náà, á kọ ẹ̀yìn aago náà sí ara rẹ̀, á kọ ojú rẹ̀ sí mi. Òun á tẹrí ba sídìí àpótí, èmi á jókòó sórí àpótí ìjókòó mi lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá máa sọ ohun tí mo rí.

Á ní, “Ìyá Ráúfù, ó jí àbí ó sùn?”

Màá ní, “Ó ṣì jókòó, ojú ẹ̀ là kedere.”

“Báyìí ńkọ́?”

“Ó ti ń tòògbé.”

“Ní báyìí?”

“Ó sùn. Ó tún ń hanrun.”

A á rẹ́rìn-ín. Á yọ́ àbẹ́là sórí wáyà náà kó má baà mira mọ́, á sì mú ìwé rẹ̀. Á kọ ọjọ́, á kọ ohun tí a rí, nísàlẹ̀ pátápátá á wá kọ pé: ẹni tó kà á, Ìyá Ráúfù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Kò sí ìwé mìíràn láyé yìí tí orúkọ mi wà nínú rẹ̀ àfi káàdì ìdánimọ̀ mi.

Àpótí mẹ́ta àkọ́kọ́, mo kà wọ́n lóòótọ́. Ìgbà tó di ẹ̀kẹrin, ojú mi ti ń ṣú. Ó bẹ̀rẹ̀ bí èéfín ìdáná tí kò kúrò. Mo lè rí ojú ọ̀nà, mo lè rí iṣu tí mo ń bẹ, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tín-ín-rín yẹn lára aago, n kò rí i mọ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, baálé mi á wá ẹlòmíràn tó máa jókòó síbẹ̀.

Ọmọ àbúrò baálé mi kan wà tó ń jẹ́ Mẹ́mù. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, àwa la tọ́ ọ. Èmi ló ń pè ní Ìyá. Ọwọ́ ọmọbìnrin náà mọ́ lórí iṣẹ́. Òun ló fi òjé jó ohun tó wà nínú àpótí kẹrin pọ̀. Ó ń múra láti lọ ṣe ìdánwò ní Lomé kóun náà lè gba ìwé àṣẹ rédíò. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ìyẹn baálé mi, ló yẹ kó fọwọ́ sí ìwé fún un.

Lọ́jọ́ tí a dán àpótí kẹrin wò, mo jókòó síbi mi. Baálé mi tẹrí ba. Ó ní, “Ó jí àbí ó sùn?” Mo wo aago. Funfun lásán ni mo rí. Mo ní ó jí. Ó fún wáyà pọ̀. Mo ní ó ń tòògbé. Ó tún un fún. Mo rò ó pé ó ti tó àkókò tó máa ń sùn.

Agolo tòmátò yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé ọwọ́ lé e. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa, kí n má fi ojú tó ṣú bojú. Mo ti dáná fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Ọwọ́ mi mọ ohun tó ń gbóná. Bí agbára kò bá jò wá sínú agolo yẹn, tútù ló yẹ kó wà. Mo sọ fún ara mi pé oòrùn ni. Abẹ́ òrùlé ni mo jókòó sí o. Oòrùn kò dé ibẹ̀.

Mo gbọ́wọ́ kúrò. Mo ní, “Ó sùn.”

Ó ní, “Ṣé ó ń hanrun?”

Mo ní, “Gbogbo ara ló fi ń hanrun.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ́ àbẹ́là sí i, ó sì kọ orúkọ mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Koussountou la ṣe àpótí náà fún. Alájì Ìdí là ń pè é, àgbẹ̀ ni, òun náà ní rédíò méjì. Aláwàdà ni. Bó bá pe ilé wa lórí rédíò, èmi ló máa ń kọ́kọ́ béèrè: “Ìyá Ráúfù dà? Ṣé wọ́n ti jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi jẹun lónìí? Àvù.” Bí wọ́n bá ti sọ tiwọn tán, wọ́n á ní “àvù”, kí ẹnì kejì lè mọ̀ pé ó kan òun. Mẹ́mù ló gbé àpótí lọ síbẹ̀, tó sì bá a so wáyà rẹ̀. Inú Alájì dùn. Ó fi rédíò ńlá bá àwọn èèyàn jíjìnnà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn ni etí rédíò kékeré ń jó.

Lọ́sẹ̀ kejì, òjò ńlá rọ̀. Fóònù kò gbé ní gbogbo agbègbè wa. Ní ọ̀sán, ohùn Alájì jáde nínú rédíò kékeré baálé mi. Kò ṣàwàdà. Ó ní, “Kambolé, Kambolé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ìyàwó ọmọ mi ń rọbí láti àárọ̀, kò rọrùn fún un. Ẹ bá mi rán mọ́tò wá. Àvù.”

Baálé mi dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní, “Mo gbọ́ ọ. Mọ́tò ń bọ̀. Dúró sílé. Àvù.”

Alájì tún ní, “Kambolé, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?”

Baálé mi pariwo sínú rẹ̀. Ó lọ sórí rédíò ńlá, ó pariwo síbẹ̀ náà. Ti Alájì kò sí lórí iná, oòrùn tó ń fún un níná kò ràn látàárọ̀, bátìrì rẹ̀ kò lè gbé e. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà. Mò ń gbọ́ bí ọkùnrin yẹn ṣe ń bẹ̀ wá, bí àwa náà ṣe ń bẹ̀ ẹ́, tí tirẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa tí tiwa kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ mi ló rántí agolo yẹn kí orí mi tó rántí rẹ̀.

Ohùn tó gbẹ̀yìn ni, “Ó dáa, kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Màá gbé alùpùpù lọ fúnra mi.”

Baálé mi ń kígbe pé, “Dúró! Ìdí, dúró! Má kọjá odò!” Odò ti kún.

Àwọn tó wà nínú mọ́tò tí a rán ló bá a létí odò. Alùpùpù ti wó lù ú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán níbi méjì. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bímọ láyọ̀ nílé kí wọ́n tó dé. Ọlọ́run ló ṣe é. Ṣùgbọ́n títí di òní, Alájì Ìdí ń tiro.

Nígbà tí wọ́n gbé àpótí padà wá, baálé mi pe ẹbí jọ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó ní òjé tí Mẹ́mù jó kò dára. Ó ní ohun tóun rà láti Lomé kọ́ ló fi sínú rẹ̀, pé ó ti tà á, ó fi òbu rọ́pò.

Mẹ́mù kúnlẹ̀. Ó ní, “Bàbá, mo fi Ọlọ́run búra, ohun tí ẹ fún mi ni mo lò. Ẹ tún un dán wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un dán wò ká rí i.”

Baálé mi ní, “Kí la tún fẹ́ dán wò? Ìyá rẹ kà á. Ojú Ìyá rẹ kò ṣì í rí.”

Mò ń bẹ iṣu lọ́wọ́. Mẹ́mù yíjú sí mi. Ó ní, “Ìyá, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.”

Mo ní, “Ohun tí mo rí ni mo sọ.”

Ohun tí mo rí kò sí. Mo sì tún bẹ iṣu mìíràn.

Wọn kò fọwọ́ sí ìwé Mẹ́mù mọ́. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Sokodé, ní àdúgbò Komah, ó ń tún fóònù ṣe níbẹ̀. Baálé mi ń dá a lóhùn bó bá kí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gbọdọ̀ dé yàrá rédíò.

Lọ́dún yìí, ojú mi burú débi pé mo fi ẹsẹ̀ tẹ ewúrẹ́ tó sùn. Àwọn ọmọ ní kí a lọ sí ọpitálì ní Sokodé. Èmi àti baálé mi wọ mọ́tò lọ, a gba ọ̀nà Tchamba. Mẹ́mù wá pàdé wa níbẹ̀, torí Faransé ni dókítà ń sọ. Dókítà ní awọ funfun ló bo ojú mi, pé kì í ṣe òní ló dé. Ó ní kí wọ́n bi mí pé láti ìgbà wo.

Mo dáhùn wẹ́rẹ́, mo ní, “Á tó ọdún márùn-ún.”

Mẹ́mù wò mí. Baálé mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò jìnnà, kò gbọ́ ohun tí mo sọ torí mo rẹ ohùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òun gbọ́ Faransé jù mí lọ, bí Mẹ́mù bá sọ ọ́ jáde, á gbọ́. Mẹ́mù yíjú sí dókítà, ó ní, “Deux ans.”

Èmi tí mò ń ta àgbàdo fún àwọn ará Lomé, mo mọ iye tí ń jẹ́ déù. Ọdún méjì ló sọ. Ọdún méjì, kó lè jẹ́ pé ojú mi ṣì dára lọ́jọ́ tí mo ka abẹ́rẹ́.

Mẹ́mù di apá mi mú títí a fi dé ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti sùn dáadáa mọ́. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí.

Wọ́n ṣe ojú náà fún mi. Ó là. Mo rí ewé mọ́ńgòrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Baálé mi yọ̀. Ó ní ó ti dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ Alájì ti ra rédíò kékeré mìíràn fún bàbá rẹ̀ kí òjò tó dé, baálé mi sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ tún òjé àpótí kẹrin jó. Wáyà tó ká, ó ní òun kò fọwọ́ kàn án, torí Ìyá Ráúfù ti kà á. Ó ní kí n wá jókòó.

Mo jókòó. Ó kọ ojú aago sí mi. Ó tẹ rédíò ńlá. Abẹ́rẹ́ náà fò dìde. Mo rí i kedere, ó pupa ní ṣóńṣó. Agolo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Ó ní, “Ó jí àbí ó sùn?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Bí mo bá ní ó jí, á mọ̀ pé kì í ṣe òjé Mẹ́mù. Á mọ̀ pé wáyà ni, á sì mọ ẹni tó ní kí wọ́n yọ́ àbẹ́là sí i. Ẹnu mi là, mo gbọ́ ohùn ara mi.

“Ó sùn.”

Lọ́tẹ̀ yìí n kò ní ojú tó ṣú tí mo lè fi ṣe àwáwí.

Ó gbé àpótí náà sójú fèrèsé de Alájì. N kò lè jẹ́ kó lọ sí Koussountou. Òjò ń bọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo gbé e, mo rì í sínú ìkòkò èlùbọ́. Mo rò pé bí kò bá sí àpótí, kò ní sí ewu.

N kò rò ó dé ìdí. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú, Mẹ́mù ti wá gbé egbòogi ojú wá fún mi, ó jẹun, ó lọ. Baálé mi wá àpótí, kò rí i. Ó ní, “Ta ló wọlé yìí? Mẹ́mù ni. Ó gbé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ lọ kí n má baà fi han Alájì pé òjé rẹ̀ ló burú.” Ó ti tẹ̀ ẹ́ láago pé kó wá lọ́jọ́ Jímọ̀, níwájú ẹbí, níwájú Alájì. Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà nínú fóònù. Kò jiyàn. Ó ní, “Màá wá, Bàbá.”

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Mo rò pé ó tún máa dákẹ́ nítorí mi.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàgbé ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún. Ṣé baálé mi, tí gbogbo ìwé ìdánwò rẹ̀ á di ohun tí kò lè gbọ́kàn lé mọ́ lọ́jọ́ ogbó? Ṣé Alájì, tó ń fẹsẹ̀ tiro wá kí mi ní gbogbo ọdún? Àbí kí n kúnlẹ̀ fún Mẹ́mù, tí mo fi ọwọ́ mi bọ́, tí mo sì fi ẹnu mi lé jáde nílé? Bó bá jẹ́ ìwọ lo ń ka ìwé yìí, Mẹ́mù, dárí jì mí. Má dákẹ́ fún mi mọ́.

Mo gbọdọ̀ dúró níbí yìí. Baálé mi ń pè mí láti yàrá rédíò. Ó ní kí n wá bá òun wá àpótí náà, pé nínú gbogbo ilé yìí, ojú tèmi ló ríran jù.